Saikọ́lọ́jíìsì tó tọ́jú àbúrò wa ò gba àmì ẹ̀yẹ kankan. Kí la lè ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àbúrò mi ọkùnrin lo oṣù mélòó kan ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba kan. Kóló, oògùn olóró tí wọ́n ń fà, ló fa àìsàn náà. Dókítà fún un lóògùn, oògùn sì ṣiṣẹ́, a ò purọ́. Ṣùgbọ́n saikọ́lọ́jíìsì kan, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọpọlọ dípò oògùn, ló ń bá a jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ló kọ́ àwa ará ilé bí a ó ṣe máa bá a gbé. Nígbà tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún nílé ìwòsàn ọ̀hún, dókítà gba àmì ẹ̀yẹ, nọ́ọ̀sì gbà, awakọ̀ áńbúláǹsì náà gbà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ saikọ́lọ́jíìsì yìí. Ó dun ìyá wa gan-an. A ti dá owó jọ, a fẹ́ bu ọlá fún un. Ṣé ká gbé owó náà fún un ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà? Báwo làwọn tó ń fúnni lámì ẹ̀yẹ tiẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé saikọ́lọ́jíìsì kan ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ? — Òǹkàwé kan láti Ṣàgámù

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò, ẹ sì bá mi kí ìyá yín. Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà: ẹ má gbé owó yẹn fún un. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ohun tí ẹbí yín ní tó lè ṣe é láǹfààní ju owó lọ ni lẹ́tà kan tó sọ ohun tó ṣe ní pàtó, tó sì wọ inú fáìlì rẹ̀. Kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ saikọ́lọ́jíìsì, mo bá wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tí wọ́n máa fún lámì ẹ̀yẹ nílé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ìkórìíra ló ń yọ orúkọ wa kúrò. Ìgbìmọ̀ kì í rí ohun tí wọ́n máa fọwọ́ kàn ni.

Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ní wọ́ọ̀dù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá dókítà bá ń yípo, gbogbo wa la óò tẹ̀ lé e láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì: àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹbí, saikọ́lọ́jíìsì. Dókítà ló ń bèèrè ọ̀rọ̀, òun ló ń kọ oògùn, òun ló ń sọ pé ó tó kí aláìsàn máa lọ sílé. Òun náà ló ń fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ń dá aláìsàn sílẹ̀. Ìròyìn saikọ́lọ́jíìsì wà nínú fáìlì kan náà lóòótọ́, ojú ewé kan tàbí méjì, láàárín èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìwé oògùn. Ẹni tó bá ṣí fáìlì yẹn lọ́dún tó ń bọ̀ á rí i pé wọ́n fún ọmọkùnrin yìí ní oògùn báyìí-báyìí, ara rẹ̀ balẹ̀, ó lọ sílé. Gbogbo wákàtí tí ẹnì kan fi jókòó tì í kò hàn níbẹ̀.

Àwọn ẹbí náà ń dá kún un. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọṣọ tó mọ́ tó sì mú bírò dání, "dókítà" ni wọ́n ń pè é. Mo ti rí lẹ́tà ìdúpẹ́ kan, ó dára púpọ̀, tí wọ́n kọ sí "dókítà tó máa ń bá ọmọ wa sọ̀rọ̀". Dókítà ni wọ́n gbé e fún. Kò sẹ́ni tó jí ọpẹ́ ẹnìkejì rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe fi jíṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbò wà. Ní àwọn ilé ìwòsàn kan, òṣìṣẹ́ ló ń dìbò yan òṣìṣẹ́. Nọ́ọ̀sì pọ̀ lọ súà, àwọn saikọ́lọ́jíìsì ò sì pọ̀ ju ohun tí ẹ lè fi ìka ọwọ́ kà lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Kí n sì fi èyí kún un, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bínú kó bínú: ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó wà láàárín NMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà, àti JOHESU tó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù jọ, lórí ta ni yóò jọ̀gá, ta ni wọ́n lè pè ní consultant (oyè àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìṣègùn), àti bí owó oṣù CONMESS tàwọn dókítà ṣe jìnnà sí CONHESS tàwa tó kù, ìjà yẹn máa ń wọ yàrá ìgbìmọ̀. Àmì ẹ̀yẹ á wá di ohun tí wọ́n fi ń pẹ̀tù sí apá kan nínú. "Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká fún àwọn yẹn ní ọ̀kan, kí wọ́n má bàa pariwo." Irú àmì ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀, ó sàn kéèyàn má gbà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1907 ni wọ́n ṣí ibi ìkó-wèrè-sí ti Yábàá, ibi tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní Yaba Left títí di òní. Ní Abẹ́òkúta, Lántòrò ló kọ́kọ́ wà, ní 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí wọ́n sọ di ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun wa tó ti ogun Hítílà bọ̀ tí ọpọlọ wọn dàrú. Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn ọpọlọ Àrò níbẹ̀. Gbogbo ayé ló gbọ́ ohun tó ṣe. Dípò kó máa ti aláìsàn mọ́lé, ó wá ibùgbé fún wọn ní abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, mọ̀lẹ́bí kan á bá aláìsàn wá láti máa sè fún un. Wọ́n ń wá gbàtọ́jú lójú mọmọ, wọ́n ń sùn sáàárín àwọn ará abúlé lálẹ́. Ó pe àwọn adáhunṣe mọ́ra, wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó tọ́ sí i, mi ò sì ní gbà kẹ́nikẹ́ni bù ú kù. Ṣùgbọ́n àwọn onílé tó gba àlejò tí ọpọlọ rẹ̀ ò pé sínú ilé wọn, tí wọ́n ń bá a jẹun, tí wọ́n ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè é wọlé nígbà tó bá ń bá afẹ́fẹ́ jà lójúde, orúkọ ta lẹ gbọ́ rí nínú wọn? Ohun tí wọ́n ṣe yẹn sún mọ́ iṣẹ́ saikọ́lọ́jíìsì ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ẹ bi mí bí a ṣe ń mọ èyí tó ta yọ. Kí n kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà hàn yín níṣojú, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò yín. Ọmọkùnrin kan dé, ó ní tẹlifíṣọ̀n ń dárúkọ òun. Ìyá rẹ̀ ti bá a jiyàn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ ti ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Saikọ́lọ́jíìsì tó mọṣẹ́ ò ní sọ pé irọ́ ni, kò sì ní sọ pé òótọ́ ni. Á ní: "Ìgbà wo lo kọ́kọ́ gbọ́ ọ? Ta ló wà níbẹ̀? Tó bá jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ni ìdánilójú tó pé, mélòó ni tìẹ?" Ọmọ náà á ní ọgọ́rùn-ún. Lọ́sẹ̀ kejì, ọgọ́rùn-ún náà ni. Wọ́n á jọ máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: ọjọ́ tó gbọ́ ọ, ọjọ́ tí kò gbọ́ ọ, bó ṣe sùn sí, ohun tó mu. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ọmọ náà á máa wo ìwé ọ̀hún, á ní, "Mà, ó jọ pé ọjọ́ tí mi ò bá sùn ni." Ìdánilójú di ọgọ́rin. Kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún ọgọ́rin. Nọ́ọ̀sì tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà á rò pé wọ́n kàn ń tàkúrọ̀sọ ni. Oògùn ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ, mi ò sọ pé kò ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fojú ara rẹ̀ rí i pé àìsùn ló ń bá ohùn yẹn rìn ti ní ohun kan lọ́wọ́ tí á bá a délé.

Apá kejì iṣẹ́ náà, inú ilé ló wà. Ní ìlú London, ní àwọn ọdún 1950, olùwádìí kan, George Brown, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn ọkùnrin tó kúrò nílé ìwòsàn ọpọlọ, wọ́n sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí: àwọn tó padà sọ́dọ̀ òbí tàbí ìyàwó wọn ni àìsàn náà ń tún dé sí ju àwọn tó lọ gba yàrá síbòmíràn lọ. Nígbà tí wọ́n wá a dé ìdí, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni àtakò ojoojúmọ́, ìkanra, àti ìtọ́jú àṣejù láàárín ilé. Orí ìwádìí yẹn ni wọ́n gbé ìtọ́jú ẹbí kà. Àwa náà mọ̀ ọ́n níbí, a ò kàn sọ ọ́ síta. Ọmọ tó ti ilé ìwòsàn dé jẹun tán, kò fọ abọ́. Ọmọ mìíràn tí kò fọ abọ́, ọ̀lẹ ni wọ́n máa pè é. Tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n á ní, "Ó tún ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Ìyá á sáré wá wojú rẹ̀, á bi í bóyá ó ti lo oògùn, ó sì ti bi í kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Saikọ́lọ́jíìsì á pe ìyá àti ẹ̀gbọ́n jókòó, kò ní dá wọn lẹ́bi, torí kò síyàá tó fẹ́ kọ́mọ òun padà sí wọ́ọ̀dù. Á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa sọ pé "Lọ fọ abọ́ rẹ" bí ìgbà tí wọ́n ń bá ẹni tí ara rẹ̀ dá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà kọ̀wé pé ó kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa bá àbúrò yín gbé. Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ó wà nínú lẹ́tà yín, kí ẹ sì sọ ohun tó kọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdánwò tí a fi ń wọn làákàyè àti ìrántí, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n sì fi díwọ̀n rẹ̀. Àgbẹ̀ kan láti Ìmẹ̀kọ tí kò di pẹ́ńsù mú rí, bí ẹ bá ní kó ya àwòrán, èsì rẹ̀ á jọ ti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Saikọ́lọ́jíìsì tó mọ ohun tó ń ṣe á mọ̀ pé pẹ́ńsù ló ṣàjèjì, kò ní kọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sínú fáìlì tí á máa tẹ̀ lé bàbá náà kiri. Jàǹbá tí kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn o. Ta ló máa dárúkọ ẹni tó dènà rẹ̀ níbi àpèjẹ?

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n yàn, nítorí náà, mi ò ní wo iye aláìsàn tó rí lóòjọ́. Ẹni tó rí ogún lọ́jọ́ kan, orúkọ wọn ló kọ sílẹ̀. Iye ọdún tó lò lẹ́nu iṣẹ́ ní àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n fi síbẹ̀. Ẹni tó máa ń lọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá, Ọjọ́ Ìlera Ọpọlọ Lágbàáyé, mo kí i, ó ń ṣe dáadáa, àmọ́ ẹ̀rí wọ́ọ̀dù kọ́ nìyẹn.

Màá bèèrè aláìsàn tí àwọn yòókù ń sá fún, àti ẹni tó gbà á. Nílé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba, àwọn kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n ti pẹ́ débi pé ẹbí ti pa nọ́ńbà fóònù dà. Wọn kì í múnú ẹni dùn, wọn kì í tètè yàtọ̀, wọn ò lè kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ bíi tiyín. Ní àwọn ọdún 1960, ní Anna State Hospital ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, àwọn saikọ́lọ́jíìsì méjì, Teodoro Ayllon àti Nathan Azrin, yan irú wọn láàyò. Wọ́n ṣètò pé aláìsàn tó bá wẹ̀, tó múra, tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná, á gba àmì pélébé kan tó dà bí owó, tó lè fi ra ohun tó wù ú. Àwọn tí wọ́n ti sọ̀rètí nù lórí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fúnra wọn. (Wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ètò náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, nítorí àwọn ilé ìwòsàn kan fi ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn sí ara ohun tó ní láti ṣiṣẹ́ rà, mo sì gbà pé ìbínú yẹn tọ̀nà.) Gordon Paul àti Robert Lentz wá gbé e síwájú ní ìpínlẹ̀ Illinois kan náà. Wọ́n kó àwọn tó ti lo ọdún gbọgbọrọ ní wọ́ọ̀dù, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà ìtọ́jú mẹ́ta, wọ́n sì ń kọ ohun tí òṣìṣẹ́ àti aláìsàn ń ṣe sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìròyìn wọn jáde ní 1977: nínú àwọn tó gba ìtọ́jú tó dá lórí kíkọ́ ìwà padà, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá tó kúrò nílé ìwòsàn tí wọ́n sì dúró síta, nínú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bí ilé ìwòsàn ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọn ò tó ìdajì. Bí wọn ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ ni, ìtàn "wọ́n ṣiṣẹ́ takuntakun" ni à bá máa gbọ́. Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ dá saikọ́lọ́jíìsì lọ́lá, kó kọ́kọ́ ní kó mú àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá: ta ló wọlé, báwo ló ṣe rí, báwo ló ṣe jáde, ṣé ó padà wá láàárín ọdún kan.

Màá tún bèèrè àwọn tó kọ́. David Shakow ni ọ̀gá àwọn saikọ́lọ́jíìsì ní Worcester State Hospital ní Massachusetts láti 1932 sí 1946, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba ni. Inú wọ́ọ̀dù yẹn ló ti ro bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, pé kí ẹni kan náà jẹ́ olùwádìí kó sì jẹ́ olùtọ́jú. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Boulder, ní Colorado, ní 1949 fọwọ́ sí i, ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ṣì ń tọ̀. Níbí, àwọn ọmọ tó ń ṣe másításì lórí iṣẹ́ yìí máa ń wá kọ́ṣẹ́ ní Àrò àti Yábàá. Ẹ lọ bá wọn, ẹ bi wọ́n ta ni wọ́n ń fara wé. Wọn kì í parọ́ nípa ìyẹn.

Èyí tí mo fi ṣe ìkẹyìn ló wúwo jù lójú mi, ìyẹn ohun tí ó kọ̀ láti ṣe. Àwọn ọmọ bàbá kan á gbé bàbá wọn wá, ilẹ̀ wà nílẹ̀, bàbá ò fẹ́ tà á. Wọ́n ń fẹ́ ìwé tó máa sọ pé orí bàbá ti dàrú, kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Ọ̀kan nínú wọn mọ ẹnì kan lókè. Saikọ́lọ́jíìsì á bá bàbá jókòó, á bi í lọ́rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ oṣù, ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ọ̀hún, bàbá á sì ka gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Á wá kọ ohun tó rí, kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó ti ṣe ohun tó ju gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ sára gíláàsì àmì ẹ̀yẹ lọ, ọ̀gá rẹ̀ sì lè máà rẹ́rìn-ín sí i fún oṣù mẹ́ta. Láti oṣù kìíní 2023 tí ààrẹ ti fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin wèrè tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀, òfin ti sọ ẹ̀tọ́ aláìsàn ọpọlọ kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀tọ́ yẹn ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi rìn bí kò bá sí ẹni tó lè kọ òótọ́ sínú ìròyìn.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn saikọ́lọ́jíìsì, APA, ní ẹ̀ka kan, ẹ̀ka kejìdínlógún, tó wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, títí kan àwọn tó wà nílé ìwòsàn ọpọlọ ti ìpínlẹ̀, wọ́n sì ń fún ara wọn lámì ẹ̀yẹ. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló ń dájọ́ rẹ̀. Níbí, a ní Nigerian Association of Clinical Psychologists, wọ́n ń ṣe àpérò lọ́dọọdún. Ẹ lè fi ẹ̀dà lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí wọn.

Wàyí o, owó tí ẹ dá jọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ẹni tí à ń sọ yìí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní Àfikún Karùn-ún, ní ìlànà ìwà fún gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba: kò gbọdọ̀ gba owó tàbí ẹ̀bùn nítorí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀bùn mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda, ní ìwọ̀n tí àṣà bá gbà. Èyí tí wọ́n bá sì fún un níbi ayẹyẹ ìta gbangba, ilé iṣẹ́ tó ń ṣojú fún ló ni ín. Ẹ̀yin kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti mú un bí ẹbí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwa ò gba ìyẹn. Lọ́jọ́ tí àbúrò yín bá tún nílò rẹ̀, ẹni tó ti gbowó lọ́wọ́ yín ò ní lè sọ òótọ́ tó korò fún yín mọ́. Nítorí èyí náà, ẹ má pè é síbi ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́jà tó sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ yín rí, ẹ má bínú. Ó ń dúró kí ẹ̀yin kọ́kọ́ kí i ni, kí ẹni tó bá yín rìn má bàa béèrè ibi tí ẹ ti mọra.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ná owó náà, ẹ ná an lórí yàrá. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba, pákó ni wọ́n fi pín ọ́fíìsì saikọ́lọ́jíìsì. Ẹni tó ń sunkún lápá ìhín, ẹni tó jókòó lápá ọ̀hún ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó pa dé dáadáa, kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ fún ìwé aláìsàn, àga méjì tí kò ké bí èèyàn bá jókòó: ó ju gíláàsì àmì ẹ̀yẹ lọ fún ẹni tó ń fi ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ ọ́ fún, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé Ẹ̀ka Saikọ́lọ́jì ni ẹ fún. Bí ẹ ò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àga yín lè lọ jókòó sí ọ́fíìsì akáúńtáǹtì.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ bi àbúrò yín léèrè. Òun ló ni àìsàn, òun ló ni ìtàn rẹ̀. Bó bá ní òun ò fẹ́ kí orúkọ òun hàn, ẹ kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ síbẹ̀ dípò orúkọ, ilé ìwòsàn á mọ ẹni tó jẹ́. Bó bá ní òun ò fẹ́ kí ẹ kọ ohunkóhun, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀ nìyẹn, ẹ má bá a jà. Bó bá sì fẹ́ kọ ọ́ fúnra rẹ̀, tirẹ̀ á ju tiyín lọ.

Nínú lẹ́tà náà, àdúrà ò pọn dandan. "Èèyàn dáadáa ni, Ọlọ́run á san án fún un" kò wúlò fún ìgbìmọ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ti gbogbo èèyàn. Ohun tí wọ́n ń wá rèé, mo kàn fi ṣàpẹẹrẹ: "Ní oṣù kejì, àbúrò mi kọ oúnjẹ, ó ní májèlé wà níbẹ̀. Saikọ́lọ́jíìsì yìí kò bá a jiyàn. Ó ní kí àbúrò mi fúnra rẹ̀ bu ìrẹsì náà sí àwo méjì, kó yan èyí tó wù ú, ó sì mú èyí tó kù, ó jẹ ẹ́. Ọjọ́ kẹta ni àbúrò mi tó jẹ tirẹ̀. Kò fi ọjọ́ kankan sílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Ẹ wá tiyín tó rí bẹ́ẹ̀, méjì tàbí mẹ́ta tó. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ẹ̀ka rẹ̀, wọ́ọ̀dù tí ó wà, oṣù tí nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ bí àbúrò yín ṣe wà báyìí, pé ó ti padà síbi iṣẹ́, àti ìgbà tó padà. Ẹ má fi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wé e, ẹ má sì dárúkọ ayẹyẹ tí wọ́n ti fò ó. Bí lẹ́tà bá ti rùn bí ẹjọ́, wọ́n á gbé e lọ síbi ẹjọ́.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí olórí Ẹ̀ka Saikọ́lọ́jì, ọ̀kan sí ọ́fíìsì SERVICOM, àwọn tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú nípa iṣẹ́ ìjọba, tó wà nílé ìwòsàn náà bó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Láti 2004 ni wọ́n ti dá SERVICOM sílẹ̀. Ẹ̀sùn nìkan ni àwọn èèyàn máa ń gbé lọ bá wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan mìíràn. Kí ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹ ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi lẹ́tà náà sínú fáìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ìbẹ̀bẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, torí fáìlì yẹn ni wọ́n máa ń ṣí tí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá dé, ìgbéga ló sì ń sọ ẹni tó máa jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín àga, owó àti àyè ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ní ti àmì ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè, MON, MFR àti àwọn yòókù, òfin tó dá a sílẹ̀ ti wà láti 1964, ẹ sì lè dábàá orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá tọ́ sí. Ẹ wo orúkọ àwọn tó ń gbà á, ẹ óò rí olóṣèlú àti olówó kí ẹ tó kan òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù kan. Mi ò ní kí ẹ má gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti ibi fáìlì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà mẹ́rin. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ mú un lọ, kí akọ̀wé tó bá gbà á lu òǹtẹ̀ àti déètì mọ́ èyí tí ẹ óò mú relé. Bí oṣù méjì bá kọjá tí ẹ ò gbúròó, ẹ mú ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn padà lọ bá àwọn SERVICOM, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ fún yín pé ó ti wọ fáìlì.